Orí Ọmọ Àná ni Mo Ń Wò

Èmi ni Bẹnadẹ́tì Àṣàbí Ọdẹ́yalé. Ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni mo ti lò lókè eèpẹ̀. Ọmọ Fransísì Ọdẹ́yalé ni mí, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ní Pobè; ọmọ ọmọ Ọdẹ́yalé Àgbà ni mí, ẹni tí ó dọdẹ nínú igbó Ọ̀họ̀rí títí ojú rẹ̀ fi ṣú; Àdùkẹ́ ọmọ Kétu ni ó bí mi. Mo to àwọn orúkọ wọ̀nyí ṣáájú ohun gbogbo nítorí pé àwọn sísítà tí ó kọ́ mi níwèé ní Àjàṣẹ́ kọ́ mi pé ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ ní gbangba gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ kí a mọ ẹni tí ó jẹ́. Ní ilé ìwé wọn, bí o bá fi ìgbọ̀nwọ́ ti tábìlì nígbà tí o ń dáhùn ìbéèrè, o ó tún ìdáhùn náà wí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. N kò fi ìgbọ̀nwọ́ ti tábìlì títí di òní, n kò sì fi tì í bí mo ti ń kọ èyí.

Àwọn ọmọbìnrin ìjọ wa tí wọ́n ń múra ìdánwò àṣekágbá ni ó ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá kí àwọn náà gbà á ṣe. Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ mi.

Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo ṣe, ọdún méjìdínlógójì gbáko, ní ilé ìgbẹ̀bí kan ní Akpakpa, ní òdìkejì afárá ọ̀sà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè mi lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò, wọn kò ní pè mí ní agbẹ̀bí. Wọn á ní, "Ìyá tí ó máa ń wo ọmọ àná." Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: gbogbo ayé ni ó mọ òwe náà, gbogbo ayé ni ó sì ń sáré tọ orí ọmọ tuntun lọ. Èmi, orí ọmọ àná ni mo yàn, ọmọ ọdún kan àbọ̀ tàbí méjì, tí ó jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ó bá ẹlòmíràn lórí ẹní rẹ̀. Bí aláboyún bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé, èmi ni mo máa ń lọ tún ilé náà ṣe kí àlejò tó dé.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ kò gùn ún sọ. Ìwé ìpè jáde, mo lọ, wọ́n gbà mí. Owó oṣù rẹ̀ bọ́ mi, ó sì rán àwọn àbúrò mi níwèé. Ó tán.

Bí mo ṣe kọ́ iṣẹ́ náà ni ó gùn. Ọ̀gá mi ni Màmá Onorína, ọmọ Gùn láti Àjàṣẹ́, obìnrin gbọọrọ tí aṣọ funfun rẹ̀ kì í ní ìhunjọ, tí rúlà onígi kan sì máa ń wà nínú àpò rẹ̀. Yorùbá rẹ̀ dán ju tèmi lọ. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní mi, ó gbé ìwo igi kan lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kò rí i rí, ẹ gbọ́: igi gbígbẹ́ ni, kò gùn ju ìbú ọwọ́ méjì lọ; ẹnu kan fẹ̀ bí ife, ẹnu kejì tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo kékeré, ihò sì la àárín rẹ̀ já. A ó gbé ẹnu tó fẹ̀ lé ikùn aláboyún, a ó fi etí lé ẹnu kejì, a ó sì máa gbọ́ ọkàn ọmọ inú.

Mo gbé e, mo tẹ̀ ẹ́, mo dì í mú gírígírí. Rúlà bọ́ sí mi léèékánná.

"Kí ni o gbọ́?"

"Mo gbọ́ ọ, Màmá. Ó ń dún kù, kù, kù."

"Irọ́ ni. Ọwọ́ ara rẹ ni o ń gbọ́. Fi etí dì í mú, kí o sì mú ọwọ́ rẹ kúrò. Ẹni tí ó bá fọwọ́ di ìwo, ìró ara rẹ̀ ni yóò máa gbọ́, yóò sì máa pè é ní ọmọ."

Oṣù mẹ́ta ni mo fi gbọ́ ìró ọwọ́ mi kí n tó gbọ́ ọmọ kan. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ nítòótọ́, mo pariwo débi pé aláboyún náà fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí ibùsùn. Màmá Onorína kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dára. Ó ku ọmọ kejì."

N kò mọ ohun tí ó ní lọ́kàn títí ó fi mú mi lọ sí ilé aláboyún kan ní Gbégamey, àdúgbò kan lẹ́yìn afárá. Mo wọlé, mo kí aláboyún náà, mo fi ìwo gbọ́ inú rẹ̀, mo wọn ikùn rẹ̀, mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn sísítà, a sì jáde. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹsẹ̀ afárá kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Àṣàbí, ọmọ mélòó ni o bá nínú ilé yẹn?"

"Ọ̀kan, Màmá. Orí rẹ̀ ti wà nísàlẹ̀."

"Èyí tí ó jókòó sábẹ́ tábìlì ńkọ́, tí ó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú?"

N kò rí i.

"Padà lọ kí i."

"Kí n padà lọ sí Gbégamey, Màmá? Nínú oòrùn yìí?"

"Oòrùn kan náà ni yóò pa ọ́ bọ̀. Lọ kí i, kí o bẹ̀ ẹ́ pé o wọ ilé rẹ̀ láìkí i."

Mo fi ẹsẹ̀ rìn padà. Mo kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, mo ní, "Ẹ káàsán o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú." Ọmọ náà wò mí láti òkè délẹ̀, ó sì da ẹ̀kọ ẹnu rẹ̀ sí mi láyà. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, èmi sì fẹ́ sunkún. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, n kò wọ ilé aláboyún kan kí n má kọ́kọ́ kí ọmọ àná, kí n tó kí ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa a kì í ka ọmọ inú. A kì í ra aṣọ dè é, aláboyún kì í sì í dá ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ fún aládùúgbò. Mo bọ̀wọ̀ fún àṣà náà, n kò bá a jà rí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ń fà: ẹni tí ayé rẹ̀ yóò yí padà jù lọ nínú ilé ni ẹnikẹ́ni kì í sọ nǹkan kan fún. Màmá Onorína ní, "Ohun tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ, ọwọ́ lè ṣe é." Bẹ́ẹ̀ ni a sì ṣe ń ṣe é. Láti bí oṣù kẹrin oyún ni a ti ń yí ẹní ọmọ, kí ó máa sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ tàbí ìyá àgbà. Bí a bá dúró di ọjọ́ ìkúnlẹ̀, yóò mọ ẹni tí ó lé òun. Bí a bá tètè ṣe é, yóò ti gbàgbé pé ibòmíràn ni òun ń sùn tẹ́lẹ̀. Ọmú náà, díẹ̀díẹ̀ ni a ń já a, kì í ṣe kí a kun ewúro sí i lọ́jọ́ kan ṣoṣo bí ẹni ń dẹ pàkúté. A ó wá fún ọmọ ní iṣẹ́ kan tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan nínú ilé, bí i kí ó máa gbé aṣọ ìnura wá nígbà ìwẹ̀. Nígbà tí àlejò bá dé, yóò bá a lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ìyá bá sì ń ti ilé ìgbẹ̀bí bọ̀, ẹlòmíràn ni yóò gbé ọmọ tuntun wọlé. Ọwọ́ òfo ni ìyá gbọdọ̀ fi wọlé, nítorí ọmọ àná ti ń dúró de ọwọ́ yẹn.

Mo mọ gbogbo èyí lórí bí mo ti mọ àdúrà òwúrọ̀. Ẹni tí ó mọ nǹkan lórí sì ni ó máa ń ṣubú, nítorí kò wo ilẹ̀ mọ́.

Mo jẹ́ ẹni ọdún méjìdínlógójì nígbà náà, ó sì ku ọdún kan kí Màmá Onorína fẹ̀yìn tì. Gbogbo ilé ìgbẹ̀bí ti mọ̀ pé èmi ni n ó jókòó sí àga rẹ̀. Èmi gan-an ti jókòó sí i nínú ọkàn mi. Akọ̀wé kan ní ibùdókọ̀ ojú omi ní ìyàwó aláboyún, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì jẹ́ ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ. Akànní ni ọmọ náà ń jẹ́, nítorí náà Ìyá Akànní ni a ń pe ìyá rẹ̀. Oyún náà nira fún un, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, wọ́n sì ní kí ó máa sinmi.

Nígbà tí mo débẹ̀, mo kí Akànní láti ẹnu ọ̀nà. Mo kí i, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n n kò bẹ̀rẹ̀, n kò fọwọ́ kàn án. Ìyá rẹ̀ ní ọmọ náà ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó ti ń sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ki orí bọ àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó sì wo ẹ̀yìn. Ẹ mọ ohun tí àwọn ènìyàn wa máa ń sọ bí ọmọdé bá wo ẹ̀yìn lábẹ́ ẹsẹ̀.

"Ó ń pe àbúrò," ni mo wí, mo sì rẹ́rìn-ín. "Àbúrò ni ó ń yà á ní ìgbẹ́ gbuuru náà. Bí ìyẹn bá dé, yóò dá."

"Ṣé kò sí ewu, Màmá Àṣàbí?"

"Ewu wo? Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Kétu, kí ẹ lè sinmi. Kí wọ́n gbé e nígbà tí ó bá sùn, kí ó má baà sunkún."

Èmi, ọmọ ilé ìwé sísítà, tí ó mọ̀ pé ìgbẹ́ gbuuru a máa pa ọmọdé, èmi ni mo sọ ọ́. Mo fọwọ́ di ìwo náà mú.

Wọ́n gbé e lójú oorun, wọ́n wọ ọkọ̀ Kétu. Oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ kọjá. Ìyá rẹ̀ bí obìnrin láyọ̀, èmi ni mo sì gbẹ̀bí rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ìyá àgbà gbé Akànní dé. N kò lè gbàgbé rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ wú, irun orí rẹ̀ pọ́n ó sì fẹ́lẹ́ bí irun àgbàdo. Wọ́n gbé e sí iwájú ìyá rẹ̀. Ó wò ó bí ẹni ń wo ògiri. Lẹ́yìn náà ó wo ọmọ tí ó wà ní apá ìyá rẹ̀, ó sì yí ojú sí ẹnu ọ̀nà.

Ìyá àgbà ń sọ̀rọ̀: "Mo fún un ní gbogbo ohun tí mo ní. Omi ẹ̀kọ nìkan ni ó ń gbà. Àárọ̀ lálẹ́ ni ó ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà, tí ó ń wo ibi tí ọkọ̀ ń gbà." Ẹ má dá obìnrin náà lẹ́bi. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé àìsàn ni wọ́n gbé fún un. Wọ́n ní àbúrò ni.

Mo gbé Akànní fúnra mi lọ sí ilé ìwòsàn. Màmá Onorína pàdé mi lójú ọ̀nà. Ó wo ọmọ náà, ó tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò, ojú ibi tí ó tẹ̀ jìn, kò sì padà sípò.

"Ta ni ó wò ó kí wọ́n tó gbé e lọ?"

"Èmi ni, Màmá."

"O fọwọ́ kàn án?"

"Rárá, Màmá."

"Ìró ara rẹ ni o gbọ́." Kò mú rúlà jáde. Ì bá mú un jáde, ì bá dùn mọ́ mi. "Lọ mú ṣíbí."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi bọ́ ọ. Dókítà kọ oògùn, ṣùgbọ́n oúnjẹ ni oògùn gan-an, díẹ̀díẹ̀, ní wákàtí méjì méjì: wàrà, ìyẹ̀fun ẹja tí a lọ̀, ògì tí a po ẹ̀pà mọ́, ẹyin. Bí mo bá fi ṣíbí kan sí i lẹ́nu, ìdajì ni yóò yọ́ jáde, n ó sì tún un fi sí i. Ìyá rẹ̀ máa ń gbé ọmọ tuntun pọ̀n wá, ó máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì ibùsùn, kì í bá mi sọ̀rọ̀. Ohun tí ó ń bà wá lẹ́rù ni pé Akànní kì í sunkún. Ọmọ tí ó ń sunkún ṣì ń retí ènìyàn. Èyí kò retí ẹnikẹ́ni mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ń yọ ṣíbí kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó bá fi eyín di ṣíbí náà mú, kò sì jẹ́ kí ó lọ. Mo fà á, kò tú u sílẹ̀. Mo tún fà á, ó wò mí, ìbínú wà lójú rẹ̀, ó sì fi igbe ta. Ó na ọwọ́ sí ìyá rẹ̀. Ìyá Akànní ju ọmọ tuntun sí mi lápá, ó gbé tirẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí ká inú yàrá náà bí ẹni tí ó ń jó, omijé ń sàn lójú rẹ̀. Àwọn aláìsàn tí ó wà níbẹ̀ pàtẹ́wọ́. Èmi dúró pẹ̀lú ọmọ tuntun lápá, n kò mọ ibi tí n ó fi ojú sí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ ilé, mo kúnlẹ̀ bẹ obìnrin tí mo fi ọdún mẹ́wàá jù lọ. Ó gbọ́ mi dé òpin.

"Mo gbọ́ yín, Màmá Àṣàbí," ni ó wí. "Ẹ ṣé fún ṣíbí. Ṣùgbọ́n ẹ kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé kò sí nǹkan." Ó pọn Akànní, ó fún ọkọ rẹ̀ ní ọmọ kejì, ó sì lọ.

Fún ọdún tí ó lé ní ọgbọ̀n, bí a bá pàdé ní ọjà, yóò ní, "Ẹ kú ọjà o," n ó ní, "Ẹ kú ọjà," a ó sì kọjá. N kò fi ẹ̀sùn kàn án. Ẹni tí ó jìn sí kòtò ni ó ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Kì í ṣe pé kí ẹni tí a tì sí kòtò máa dúpẹ́.

Màmá Onorína fẹ̀yìn tì. Wọ́n gbé ọ̀gá tuntun wá láti ibòmíràn, n kò sì rí àga náà jókòó títí mo fi parí iṣẹ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tuntun náà pè mí, ó ní kíkí ọmọdé lábẹ́ tábìlì kò sí nínú ìlànà iṣẹ́, aláboyún ni kí n máa wò. Mo dìde dúró bí àwọn sísítà ti kọ́ mi, mo ní, "Mo gbọ́, Ọ̀gá." Láti ọjọ́ náà, ọ̀sán ìsinmi mi ni mo fi ń lọ. Ọjọ́rú àti Sátidé, ojú oòrùn tàbí inú òjò, láti Akpakpa dé Gbégamey, ìwo igi nínú àpò. N kò jẹ́ kí a rán ọmọ àná kúrò nílé mọ́. Bí ẹ bá ní ó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, n ó ní ẹ gbé e wá kí n fọwọ́ kàn án. Àwọn ìyá àgbà bú mi. Ọ̀kan ní mo ń ṣe bí ẹni pé èmi ni mo lóyún. Mo ní, "Bí ẹ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, Màmá, ẹ kí mi kú ewu." Mo tún padà lọ ní Ọjọ́rú tí ó tẹ̀lé e.

Irinṣẹ́ yí padà. Ẹ̀rọ kan dé tí ó ń sọ ìró ọkàn ọmọ jáde fún gbogbo yàrá, lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tí ó ń ya àwòrán inú. Àwọn agbẹ̀bí tí mo kọ́ ní iṣẹ́ máa ń fi ìwo mi ṣe yẹ̀yẹ́: "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ fi fọn fèrè ni?" N kò kórìíra ẹ̀rọ. Ó ti yọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn nínú ewu tí etí mi kò lè gbọ́. Ṣùgbọ́n mo rí ìyá kan tí ó fi àwòrán ẹ̀rọ náà han ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún méjì lórí fóònù. Ọmọ náà wò ó pẹ́, ó ní, "Òjò ń rọ̀." Ó tọ̀nà. Bí òjò ni ó rí. Láti ìgbà náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwo igi fún ọmọ àná fúnra rẹ̀, kí ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́. A kò sọ nǹkan kan fún un, a kò ka ọmọ inú, àṣà kò bàjẹ́. Etí rẹ̀ ni ó mọ̀.

Mo fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò jáwọ́ nínú pípè mí. Lọ́dún tí a wà yìí, ohùn ọkùnrin kan dún lórí fóònù mi.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ kò lè mọ̀ mí. Akànní ni mí, tí ẹ fi ṣíbí bọ́."

Mo wá àga jókòó.

Ó ti di káfíńtà, ó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá ọ̀nà Àjàṣẹ́, ilé rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà. Fẹlisí ìyàwó rẹ̀ lóyún. Àríkẹ́ ọmọ wọn jẹ́ ọdún méjì àbọ̀. "Ìyàwó mi fẹ́ kí a gbé Àríkẹ́ lọ sí Kétu títí yóò fi bímọ. Èmi kò fẹ́, Màmá, ṣùgbọ́n n kò lè sọ ìdí. N kò rántí nǹkan kan nípa ohun tí ó ṣe mí. Inú mi kàn ń kọ̀ ọ́."

"Ta ni ó fún ọ ní nọ́ńbà mi?"

"Màmá mi ni. Wọ́n ní kí n pe ẹni tí ó mọ̀ ọ́n."

Mo gun zẹ́míjàn, alùpùpù akérò, lọ, orúnkún mi ń ké. Ìyá Akànní jókòó sábẹ́ ìbòòji ṣọ́ọ̀bù, irun rẹ̀ ti funfun. A kí ara wa. N kò jókòó. Mo wá ẹ̀gbọ́n ilé, mo sì rí i lábẹ́ tábìlì iṣẹ́ bàbá rẹ̀, ó ń kó eérún pákó jọ. Mo kúnlẹ̀, ó sì gba ìgbà díẹ̀ kí n tó dé ilẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Kí ló ṣe ẹsẹ̀ ẹ?" ni Àríkẹ́ béèrè.

"Ó ti gbó."

"Bàbá mi á kàn án."

Fẹlisí jáde, ó fọwọ́ ti ẹ̀yìn. Ó kí mi dáadáa, ṣùgbọ́n ó ti pinnu. "Màmá, ẹ̀yìn ń dùn mí, ọmọ yìí kò sì jẹ́ kí n sinmi. Kétu kò jìnnà. Ìgbẹ́ gbuuru náà tún ti bẹ̀rẹ̀ láti àná. Ẹ mọ̀ ọ́n, àbúrò ni ó ń pè."

Akànní gbé ayùn rẹ̀ sílẹ̀. Èmi ni Ìyá Akànní ń wò, bí a ti í wo ẹni tí ó fẹ́ fẹsẹ̀ lé afárá tí ó ti já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ rí.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, jọ̀wọ́, wá." Mo fọwọ́ kàn án. Mo fa awọ ikùn rẹ̀, ó padà sípò kíá. Mo wo ojú rẹ̀, ahọ́n rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. "Fẹlisí, kì í ṣe àbúrò. Àbúrò kì í ya ẹnikẹ́ni ní ìgbẹ́ gbuuru. Níbo ni ọmọ yìí ti ń mu omi?"

"Nínú ilé ni, Màmá. Omi wa mọ́."

"Níbí," ni Àríkẹ́ wí. Ó fi ife kékeré rẹ̀ hàn mí, ó sì tọ́ka sí garawa tí bàbá rẹ̀ ń fi omi rẹ̀ pọ́n irin. Akànní káwọ́ lé orí. Mo ní kí wọ́n po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún un lójú mi, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n gbé e lọ. Ní ọjọ́ kẹrin, ara rẹ̀ ti dá.

Mo ṣèlérí fún Fẹlisí pé bí ó bá fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ nílé, èmi yóò máa wá ní Ọjọ́rú àti Sátidé, ọjọ́ mi àtijọ́, kí ó lè sùn lọ́sàn-án. Ó wo ìyá ọkọ rẹ̀.

"Má wò mí," ni Ìyá Akànní wí. "Èmi náà gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan."

Ọ̀rọ̀ náà wọ mí lára. Mo ní, "Òótọ́ ni. Nígbà náà n kò fọwọ́ kàn án. Lónìí mo fọwọ́ kàn án."

Fẹlisí mí kanlẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí a gbìyànjú rẹ̀ fún oṣù kan, Màmá."

Mo lọ fún oṣù kan, mo sì tún lọ fún èyí tí ó tẹ̀ lé e. Òjò kan wà tí ó sọ ọ̀nà di odò, onízẹ́míjàn sọ̀ mí kalẹ̀ sí ìkóríta, mo sì fi ọ̀pá rìn ín dé ibẹ̀. A yí ẹní Àríkẹ́ sí ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀. A fún un ní iṣẹ́ aṣọ ìnura, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan aṣọ náà mọ́, àní ẹni tí omi ń ro lára rẹ̀. Ní Sátidé kan, mo mú ìwo igi jáde. Fẹlisí fà sẹ́yìn: "Màmá, a kì í fi han ọmọdé." Ìyá Akànní ni ó dá a lóhùn: "Ta ni yóò fi han ẹnikẹ́ni? Etí ni yóò lò."

Mo gbé ìwo náà lé ibi tí ó yẹ. Àríkẹ́ fẹ́ dì í mú. Mo ní, "Mú ọwọ́ kúrò, ẹ̀gbọ́n. Etí nìkan." Ó fi etí lé e. Ojú rẹ̀ dúró. Ẹnu rẹ̀ là.

"Zẹ́mì!" ni ó pariwo. "Zẹ́mì ń bọ̀!"

Fẹlisí rẹ́rìn-ín débi pé ìwo náà ṣubú. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti dé, àpò mi ni Àríkẹ́ ń kọ́kọ́ tú. Yóò gbọ́ ọ, yóò sì sọ fún gbogbo àdúgbò pé zẹ́mì kò tíì dé, ó ṣì wà lọ́nà.

Fẹlisí bímọ ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ọkùnrin ni. Akànní pè mí pé kí n wà nílé wọn nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀ ní Sátidé. Ọkọ̀ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Akànní ni ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ọmọ tuntun wà lápá rẹ̀. Mo súnmọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri kí ó lè kọjá. Kò kọjá. Ó dúró níwájú mi.

"Ẹ gbà á, Màmá Àṣàbí. Ẹ̀yin ni kí ẹ gbé e wọlé."

"Ìyá Akànní..."

"N kò ní kí ẹ sọ̀rọ̀. Ẹ gbé ọmọ."

Mo gbé e. Fẹlisí ti wọlé ṣáájú wa, ọwọ́ òfo. Àríkẹ́ sáré láti abẹ́ tábìlì, ó fò mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ báyìí, kò sí ẹni tí ó kán wọn lójú. Ó pẹ́ kí Àríkẹ́ tó gbé orí sókè, tí ó wo ohun tí mo gbé. Ó dìde, ó lọ mú aṣọ ìnura rẹ̀ wá, ó sì fi bo ọmọ náà lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tú àpò mi. Ó gbé ẹnu tó fẹ̀ lé àyà àbúrò rẹ̀, ó fi etí lé ẹnu kejì, ó sì ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an létí. Gbogbo wa dúró dè é.

"Zẹ́mì ti dé," ni ó wí fún ìyá rẹ̀, "ṣùgbọ́n kò tíì pa ẹ́ńjìnnì."

N kò gba ìwo náà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Agbẹ̀bí tí ó bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ, a kì í pè é padà, wọn kò sì tíì pè mí. Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kọkànlá, ọdún ẹgbàá ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ni mo rí wọn kẹ́yìn.